Oedipus ní Ojúẹlẹ́gbà

Bí dáńfó bá ti Mushin bọ̀, tí kọ̀ndọ́ ń gbá ara ọkọ̀ tó ń ké "Ojúẹlẹ́gbà wọlé o!", àwọn èrò á máa wá ṣéńjì wọn, wọ́n á máa wá bàtà tó yọ́ sábẹ́ ìjókòó. Ta ló ráyè rántí pé orúkọ òrìṣà ni wọ́n ń ké yẹn? Ojúbọ Ẹlẹ́gbà ló bí orúkọ àdúgbò náà, Èṣù Ẹlẹ́gbára tí ilé rẹ̀ kì í jìnnà sí oríta. Fela kọrin nípa sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ibẹ̀ nínú Confusion lọ́dún 1975, Wizkid náà sì sọ ọ́ di orúkọ tí àwọn ọmọ tí kò dé Èkó rí mọ̀ ọ́n pè.

Oríta ni ìtàn yìí náà ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́ ni oríta ọ̀hún wà. Ọ̀dọ́kùnrin kan ń fẹsẹ̀ rìn lọ, ó pàdé àgbàlagbà kan nínú ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà, níbi tí ọ̀nà mẹ́ta ti pàdé. Ta ni kó yà fún ta ni? Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di ìjà, irú èyí tí awakọ̀ méjì máa ń bá ara wọn fà lábẹ́ bíríìjì nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin yìí lu àgbàlagbà náà pa, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò mọ̀ pé bàbá tó bí òun lọ́mọ ni òun pa. Oedipus lorúkọ rẹ̀. Kò pẹ́ ló di ọba ìlú Thebes, wọ́n sì fi opó ọba tó kú fún un ṣaya. Ìyá tó bí i ni.

Sophocles, ará Áténì, ló sọ ìtàn náà di eré orí ìtàgé ní nǹkan bí ọdún 429 ṣáájú ìbí Jésù. Eré tí bàbá yìí kọ láyé rẹ̀ lé ní 120, méje péré ló dé ọwọ́ wa lódindi. Ti Oedipus wà nínú méje náà, ó sì ti rìn jìnnà. Ní ìparí ọdún 1968, ó dé Ilé-Ifẹ̀. Ó wọ aṣọ òkè, ó dé adé, ó ń pa òwe bí ẹni ń ju gúgúrú sẹ́nu, wọn ò sì pè é ní Oedipus mọ́. Ọdẹ́wálé ni wọ́n ń pè é.

Ọlá Rótìmí ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Sapele ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1938, bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ìyá rẹ̀ jẹ́ Ìjọ̀, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ eré ní Boston àti ní Yale lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. The Gods Are Not to Blame ni àkọlé eré náà. Ẹgbẹ́ òṣèré Orí Olókun ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní Ifẹ̀, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1971. Láti ìgbà náà, kò sí bí a ṣe máa ka àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tó ti kà á ní Surulere, Yaba àti Mushin nìkan tán. Wọ́n há orúkọ Adétúṣà, Ọjúọlá àti Baba Fákúnlé sórí nítorí ìdánwò, wọ́n sì jáde láìmọ̀ pé eré méjì ni àwọn kà pa pọ̀ nínú ìwé kan. Adùn rẹ̀ gan-an wà nínú fífi méjèèjì wé ara wọn.

Ẹ wo ìjà oríta yẹn. Nínú ti Sophocles, ọ̀rọ̀ ẹni tó máa yà lójú ọ̀nà ni. Rótìmí gbé e lọ sí oko iṣu lẹ́bàá Ẹdẹ, níbi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ mẹ́ta ti pàdé. Ọdẹ́wálé bá àgbàlagbà kan àtàwọn èèyàn rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wa iṣu tó gbìn. Iṣu yẹn kọ́ ló pa àgbàlagbà náà. Ohun tó pa á ni ẹnu rẹ̀: ó bú ẹ̀yà tí Ọdẹ́wálé rò pé òun ti wá, ó pè é ní ará oko Ìjẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni ọkọ́ ti kúrò lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó di ohun ìjà.

Èyí kì í ṣe ohun ẹ̀ṣọ́ lásán. Nígbà tí wọ́n ń ṣe eré náà lákọ̀ọ́kọ́, ogun abẹ́lé Nàìjíríà ṣì ń jà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, kò sì parí títí di oṣù kìíní ọdún 1970. Rótìmí ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé kì í ṣe Ọ̀rúnmìlà tàbí Ògún ni òun ní lọ́kàn nígbà tí òun ní kí wọ́n má dá àwọn òrìṣà lẹ́bi. Àwọn alágbára ayé bí Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni òrìṣà tí òun ń wí, àwọn tí a máa ń nawọ́ sí pé àwọn ló dá ogun náà sílẹ̀. Ìkórìíra láàárín ẹ̀yà sí ẹ̀yà, ilé wa la ti mú un jáde. Bí eré nípa kádàrá ṣe di eré nípa Nàìjíríà nìyẹn, láìyọ egungun kan kúrò nínú ìtàn Sophocles.

Àwọn kan kò gbà fún Rótìmí o, àtakò wọn sì dùn ún gbọ́. Nínú eré Gíríìkì, Delphi ni wọ́n máa ń lọ ṣe ìwádìí. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Pythia ló máa ń jókòó nínú tẹ́ńpìlì Apollo níbẹ̀, ohun tó bá sì sọ, ó ti sọ ọ́ náà nìyẹn. Rótìmí fi Ifẹ̀ rọ́pò Delphi, ó fi babaláwo afọ́jú kan, Baba Fákúnlé, rọ́pò Tiresias, aríran afọ́jú ti Sophocles. Gbogbo rẹ̀ bára mu títí dórí ìbéèrè kan tí ìyá arúgbó kan ní Ìdí-Oró lè béèrè láìka ìwé kankan: babaláwo wo ni yóò gbé odù sílẹ̀ tí yóò sọ pé ọmọ tuntun yìí máa pa bàbá rẹ̀, tí kò ní ka ohun ẹbọ? Lóòótọ́, Yorùbá ní àyànmọ́ ò gbóògùn. Ṣùgbọ́n nínú odù 256 tí Ifá ní, ẹnu ọ̀nà ẹbọ kì í tì. Kádàrá Gíríìkì dà bí ògiri, ti Yorùbá ní ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ń wo eré náà, tó ń bi ara rẹ̀ bóyá ọ̀nà àbáyọ kan wà tí wọn ò tọ̀, ó ti ń gbádùn Sophocles àti Ifá lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí a padà sí Áténì díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé inú gbọ̀ngàn tútù, níbi tí àwọn olówó ti ń wú ikọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ni wọ́n ti ń ṣe eré wọ̀nyí. Rárá. Ọdún òrìṣà ni. Nígbà ìrúwé lọ́dọọdún ni ìlú náà máa ń ṣe ọdún Dionysus, òrìṣà wáìnì, gbangba ìta ni wọ́n sì ti ń ṣeré, lẹ́sẹ̀ òkè tí wọ́n ń pè ní Acropolis. Àwọn òǹkọ̀wé mẹ́ta ló ń bá ara wọn díje, ẹnì kọ̀ọ̀kan á gbé eré ìbànújẹ́ mẹ́ta àti eré ẹ̀fẹ̀ kan wá, àwọn adájọ́ á sì pe ẹni tó gbégbá orókè. Ọlọ́rọ̀ ìlú ni wọ́n máa ń yàn pé kó náwó lórí elégbè, irú bí ilé iṣẹ́ ọtí ṣe ń gbọ́ bùkátà eré lónìí. Kò sí obìnrin lórí ìtàgé: ọkùnrin ló ń ṣe ìyá, ọkùnrin ló ń ṣe ìyàwó, ìbòjú ni gbogbo wọn dé. Òṣèré kò ju mẹ́ta lọ nínú eré Sophocles, ẹnì kan á pààrọ̀ ìbòjú, á sì di ẹlòmíràn. Elégbè ńkọ́? Méjìlá ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó, wọ́n ń dá sí ọ̀rọ̀ ọba.

Ẹni tó bá ti wo eégún aláré rí kò nílò pé kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ èyí fún un. Agọ̀ tó ń pààrọ̀ ara lójú agbo, ọkùnrin nínú ẹ̀wù obìnrin, elégbè tó ń gbe orin, òǹwòran tó yí agbo ká lábẹ́ oòrùn, gbogbo rẹ̀ ni àwọn Alárìnjó gbé kiri láti ààfin Ọ̀yọ́ wá sí ìlú gbogbo, kí Hubert Ogunde tó gbé eré tirẹ̀ jáde ní Glover Memorial Hall l'Ékòó ní 1944. Kì í ṣe pé ẹnì kan jí ti ẹnì kan lò. Òrìṣà, orin àti ìbòjú ló pàdé ní ibi méjì tí wọn ò mọ ara wọn.

Báwo wá ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì ṣe wọ Èkó? Ẹni tó bá gba Herbert Macaulay Way ní Yaba kọjá ti rìn lórí orúkọ ìdílé tó kó o wọlé. Bàbá Herbert, Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1859, ilé ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tó padà di Nàìjíríà. Bàrígà ni ilé ẹ̀kọ́ náà wà lónìí. Àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ kọ́ Látìn, wọ́n kọ́ Gíríìkì, wọ́n kọ́ lọ́jíìkì àti jẹ́ọ́mẹ́tìrì mọ́ Bíbélì. Àna Macaulay ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, tí òun náà kọ́ Gíríìkì, tó sì jẹ́ aṣáájú àwọn tó sọ Bíbélì di Yorùbá. Odindi Bíbélì náà parí ní 1884.

Nítorí náà, ìyá oníṣọ́ọ̀ṣì kan ní Mushin tí kò gbọ́ orúkọ Sophocles rí ti ń gbé láàárín àwọn Gíríìkì tipẹ́. Ó mọ Kọ́ríńtì, ó mọ Éfésù àti Tẹsalóníkà. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, ó ti bá Pọ́ọ̀lù dé Áténì níbi tó ti bá àwọn onímọ̀ jiyàn. Ó ti rí àwọn ará Éfésù tí wọ́n rọ́ wọ ilé ìṣeré ìlú tí wọ́n ń pariwo orúkọ òrìṣà wọn fún bíi wákàtí méjì. Ó tún ti kà á pé ní Lystra, àwọn èèyàn rò pé òrìṣà ló sọ̀ kalẹ̀: wọ́n pe Bánábà ní Zeus, wọ́n sì pe Pọ́ọ̀lù ní Hermes, nítorí pé òun ni olórí ọ̀rọ̀ sísọ. Hermes yìí ni ìránṣẹ́ àwọn òrìṣà Gíríìkì, onílé ojú ọ̀nà, alágbàwí oníṣòwò, ẹlẹ́tàn tó gbọ́n féfé. Ta ló jọ? Ó ṣeni ní kàyéfì pé inú Bíbélì kan náà ni wọ́n ti sọ Èṣù tiwa di Sátánì, tí Hermes sì jẹ́ Hermes tirẹ̀ lọ láìní àbùkù.

Látìn náà fìdí múlẹ̀. Títí di àwọn ọdún 1960, òun ni èdè Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì. Òun ló wà lára báàjì King's College (Spero Lucem) àti ti Yunifásítì Ìbàdàn (Recte Sapere Fons), àwọn lọ́yà kò sì tíì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí di òní. Christopher Okigbo, akéwì tó kú sójú ogun ní 1967, Látìn àti Gíríìkì ló kà gboyè ní Ìbàdàn ní 1956, ó sì lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Látìn ní Fìdítì Grammar School, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ẹ fojú inú wo ọmọ àgbẹ̀ Fìdítì tó ń to ọ̀rọ̀ ìṣe Látìn lọ́wọ́ ọ̀sán, tí ọ̀kan nínú àwọn akéwì tó le jù nílẹ̀ Áfíríkà dúró sí i lórí.

Ẹ̀kọ́ yìí ní oró tirẹ̀ o. Àlùfáà Samuel Johnson, tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tó tóbi jù lọ, ráhùn nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ ní 1897. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé Yorùbá mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mọ ti Róòmù àti Gíríìkì dáadáa, ṣùgbọ́n wọn ò mọ nǹkan kan nípa ti ilẹ̀ wọn. Ohun tó mú un kọ ìwé náà nìyẹn. Ó ti kú kí ìwé náà tó jáde ní 1921.

Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn ìráhùn yẹn, ohun tó burú jù ú lọ ṣẹlẹ̀. Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀ ní 1910. Wọ́n fi orí idẹ Olókun hàn án. Ó wò ó, ó rí bí ojú, imú àti ètè ṣe gún, kò sì gbà pé aláwọ̀ dúdú lè ṣe é. Ó ní àwọn Gíríìkì kan tó sọnù láti ilẹ̀ Atlantis ló ti tẹ̀dó sí ẹ̀bá òkun wa láyé àtijọ́, pé Poseidon, òrìṣà òkun tiwọn, ni Olókun. Ariwo rẹ̀ dé Yúróòpù. Ní 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, orí idẹ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àlá Frobenius sì fọ́: ọmọ Ifẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ wọn, ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí aláwọ̀ funfun kankan tó tẹ ilẹ̀ náà.

Orí Olókun, orúkọ orí idẹ yẹn, ni ẹgbẹ́ òṣèré Ifẹ̀ ń jẹ́ nígbà tí wọ́n gbé Ọdẹ́wálé jáde ní 1968. Bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe tàbí ó kàn bọ́ sí i bẹ́ẹ̀, ó dọ́gba. Ẹnì kan wá, ó ní Gíríìkì ló ṣe iṣẹ́ Yorùbá. Lábẹ́ orúkọ orí kan náà, Yorùbá mú iṣẹ́ Gíríìkì, wọ́n sì fi ṣe tiwọn.

Rótìmí nìkan kọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1973, National Theatre ti Lọ́ńdọ̀nù ṣe eré kan ní Old Vic tí wọ́n ní kí Wọlé Ṣóyínká kọ fún àwọn: The Bacchae of Euripides. Euripides, òǹkọ̀wé eré Gíríìkì, kú ní 406 ṣáájú ìbí Jésù, wọn ò sì ṣe eré rẹ̀ yìí títí di ọdún tó tẹ̀ lé e. Ó dá lórí Dionysus tó wọ ìlú Thebes, tí Ọba Pentheus kọ̀ láti bọ ọ́, tí àwọn obìnrin tí òrìṣà ti gùn sì fa ọba náà ya, ìyá rẹ̀ ni aṣáájú wọn. Ṣóyínká kò fi Dionysus sílẹ̀ ní òun nìkan. Tipẹ́ ló ti ń wí nínú àròkọ rẹ̀ pé Ògún ni ẹnìkejì rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ìrè á mọ ìdí: Ògún mu ẹmu, ojú rẹ̀ yí, ó sì bẹ́ àwọn èèyàn tirẹ̀ lórí. Òrìṣà tó ń fúnni láyọ̀ ni, òun náà ló ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ṣóyínká fi agbo ẹrú kún agbo àwọn obìnrin Euripides. Ní ìparí, níbi tí ti Euripides ti fi ẹkún tú ká, orí ọba tí wọ́n gbé kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde bí orísun, wọ́n rò pé ẹ̀jẹ̀ ni, wáìnì ni. Gbogbo wọn mu ún. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn ìparí yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí i kì í gbàgbé.

Ilé tó ń jẹ́ orúkọ Ṣóyínká lónìí, ẹ̀bá Surulere ló wà. Ilé ìṣeré ńlá Ìgànmú, tó dà bí fìlà ológun, ilé iṣẹ́ ará Bọ̀gáríà ló kọ́ ọ, 1976 ló parí fún ayẹyẹ FESTAC '77, gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀ sì gba 5,000 èèyàn. Ó bàjẹ́ fún ọdún gbọọrọ. Ní 2024 ni ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ Ṣóyínká sọ ọ́ nígbà tó pé ẹni 90 ọdún, ó sì ṣí padà ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 lẹ́yìn àtúnṣe. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tó ń lọ láti Mile 2 sí Marina ní ibùdókọ̀ lẹ́bàá rẹ̀. Ìrọ̀rùn ni èyí, torí àwọn ará Mainland ti pẹ́ tí wọ́n ń gun Third Mainland Bridge lọ wo eré ní Victoria Island, tí sún-kẹẹrẹ á sì jẹ ìdajì eré náà.

Bí ẹnì kan bá sì béèrè èwo ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ wò nínú gbogbo eré wọ̀nyí, ìdáhùn tèmi kì í ṣe Oedipus. Women of Owu ni. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan ló kọ ọ́, Chipping Norton Theatre ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, 2004 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Orí Trojan Women, eré Euripides ti 415 ṣáájú ìbí Jésù, ló gbé e lé. Euripides kọ tirẹ̀ nígbà tí àwọn ará Áténì ṣẹ̀ṣẹ̀ pa gbogbo ọkùnrin erékùṣù Melos, tí wọ́n sì kó obìnrin àti ọmọdé lẹ́rú. Àwọn tó pa wọ́n gan-an ló jókòó tí wọ́n ń wo eré náà. Ọ̀ṣọ́fisan wo ilẹ̀ wa, ó rí Òwu. Ní nǹkan bí 1821, ìjà tó bẹ̀rẹ̀ lórí atare ní ọjà Àpòmù di ogun ọlọ́dún gbọọrọ. Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìsáǹsá Ọ̀yọ́ dó ti ìlú náà títí tó fi fọ́. Yorùbá ló ṣe é fún Yorùbá.

Àsìkò tí wọn yóò kó àwọn obìnrin ìlú náà lẹ́rú ni eré náà dá lé. Erelú Ààfin, tó jẹ́ Hecuba, ayaba ìlú Troy, nínú ti Euripides, wà láàárín àwọn obìnrin rẹ̀. Ìyunlóyè, arẹwà tí wọ́n ní torí rẹ̀ ni ogun ṣe bẹ̀rẹ̀, ni Helen. Anlugbùà, baba ńlá àwọn ará Òwu tó di òrìṣà, sọ̀ kalẹ̀ wá, ó dé nígbà tí ìlú ti jóná tán. Orin arò Yorùbá ló gbé gbogbo rẹ̀ ró. Ọmọ Òwu kún Èkó àti Abẹ́òkúta, ẹ̀jẹ̀ àwọn tó dó tì wọ́n náà kún ibẹ̀, wọ́n ń jókòó sórí ìjókòó kan náà nínú dáńfó. Ìdí tí eré yìí fi máa ń mú gbọ̀ngàn dákẹ́ nìyẹn. Ìtàn Troy jìnnà. Ti Òwu ní ìdílé, ó ní oríkì.

Àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù náà kò dákẹ́. Bernardine Evaristo, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kọ The Emperor's Babe ní 2001, ìwé ìtàn aládùn tó kọ bí ewì, nípa ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ìlú náà wà lábẹ́ Róòmù, tó sì di olólùfẹ́ Ọba Septimius Severus. Severus yìí kì í ṣe àròsọ: Leptis Magna ní Libya ni wọ́n bí i sí, ó jọba lórí Róòmù, ó sì kú sí York ní 211. Ní 2019, Inua Ellams, tí wọ́n bí sí Jos, gbé The Half God of Rainfall jáde, níbi tí Ṣàngó àti Zeus ti ń figa gbága, ọmọ tí obìnrin Nàìjíríà kan bí lẹ́yìn tí Zeus fipá bá a lò pọ̀ sì di agbábọ́ọ̀lù inú agbọ̀n tí apá kò ká. Àwọn òrìṣà tí Crowther àti Macaulay kò ní fẹ́ kó pàdé ló pàdé yẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ inú ọ̀rọ̀ yìí láìnáwó púpọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Yaba. Ìwé Rótìmí kò nípọn, kò sì ṣòro rí. Kó kà á pọ̀ mọ́ ti Sophocles, eré kan ní alẹ́ kan, kó sì sàmì síbi tí wọ́n ti pínyà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ eré ní Yunifásítì Èkó, Akọka, máa ń gbé eré jáde fún ìdánwò wọn, bí ẹni tó ń kọjá bá sì yà wọlé, ohun tó máa rí lọ́pọ̀ ìgbà ju iye tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Classics ní Yunifásítì Ìbàdàn ti wà láti 1948 tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní Látìn àti Gíríìkì láti orí a-b-d.

Fóònù náà wà. Àkójọ ìwé Perseus ti Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà kó àwọn ìwé Gíríìkì àti Látìn jọ lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yale gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Donald Kagan lórí ìtàn Gíríìkì sí gbangba, ẹ̀kọ́ 24 ni, ẹnikẹ́ni lè wò ó láìsan kọ́bọ̀ bí dátà bá wà. Open University ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní ẹ̀kọ́ Látìn fún olùbẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Sún-kẹẹrẹ láti Ojúẹlẹ́gbà dé Ìkejà tó ẹ̀kọ́ kan, nígbà mìíràn ó tó méjì.

Ọ̀ṣọ́fisan ní eré Gíríìkì mìíràn tó dàgbà ju Women of Owu lọ. Tegonni ni, wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Yunifásítì Emory ní Atlanta lọ́dún 1994. Antigone, ọmọ Oedipus tó sin òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìka òfin ọba sí, ló sọ di Tẹ̀gọ́nni, ọmọ ọba Yorùbá kan tó dojú kọ gómìnà Gẹ̀ẹ́sì láyé ìjọba amúnisìn. Ṣùgbọ́n kò pa ti àtijọ́ rẹ́. Bí eré náà ṣe ń lọ lọ́wọ́, Antigone fúnra rẹ̀ wọlé dé pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ń ṣe ìtàn òun níbí, òun sì rin ọ̀nà jíjìn wá. Àwọn ọ̀rẹ́ Tẹ̀gọ́nni wò ó látòkè délẹ̀. Gíríìkì báwo, nígbà tó dúdú bíi tiwọn? Antigone fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì béèrè ibi tí wọ́n bá eré dé.